Òkúta Mẹ́rìndínlógún Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Bẹyẹrunkà, ojú kò ríran dé orí òkè Mápó. Ilé ńlá tó wà lókè yẹn, tó máa ń dà bí ẹni ń ṣọ́ gbogbo wa, eruku ti gbé e mì. Ètè gbogbo ènìyàn ń là. Àwọn ọlọ́kadà fi aṣọ di imú, àwọn ìyá tó pọn ọmọ lọ sí Ọjà'ba fi ìborùn bo ọmọ lójú. Mo fi òrí pa ẹsẹ̀, mo fi pa ètè, mo gbéra ó di ibi iṣẹ́. Mo fi eruku bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nítorí pé eruku ló bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Ọjọ́ náà ni mo ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ẹlòmíràn ló sì ru ẹ̀bi rẹ̀ títí ó fi wọ ilẹ̀ lọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Òwúrọ̀ ni mo máa ń kọ̀wé, kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí àmì ti jábọ́ lórí ọ̀rọ̀ mi, ẹ bá mi gbé e. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń jókòó ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nǹkan bí ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ìlú Ìbàdàn yìí. Iṣẹ́ náà ni pé kí n gé òkúta pẹlẹbẹ, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, kí n sì máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, tí ìmọ́lẹ̀ yóò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn ọ̀mọ̀wé á wá gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, èyí tí a ń pè ní maikirosikóòpù, kí wọ́n lè mọ ohun tí òkúta náà ní nínú.

Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n wò mí títí.

"Àdùkẹ́, ata ni wọ́n ń fi òkúta lọ̀. Kí wá ni ìwọ ń fi lọ òkúta?"

"Ìyẹ̀fun ni, Ìyá."

"Ìyẹ̀fun! Kí ìjọba sì máa sanwó fún ọ lórí ẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Owó oṣù yẹn, nígbà míràn ó tó, nígbà míràn kò tó. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Bí mo ṣe débẹ̀ náà kò gùn. Agbálẹ̀ ni wọ́n gbà mí sí. Ọlọ ni ìyá mi ń tà l'Ọ́jà'ba, nísàlẹ̀ òkè Mápó, ìdí ọlọ ni mo sì ti dàgbà. Lọ́jọ́ kan mo ń gbálẹ̀ nínú yàrá òkúta, mo rí òkúta kan nílẹ̀, mo gbé e, mo gbé e sétí, mo fi ìka lù ú. N kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wò mí.

"Kí lo gbọ́?"

Bàbá Làmídì ni, ọ̀gá tó ń lọ òkúta níbẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú tó máa ń dé fìlà funfun, tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò nínú àpò rẹ̀.

"Ó ti sán nínú, sà. Ohùn rẹ̀ ti kú."

Ó gba òkúta náà, ó gbé e sínú ẹ̀rọ, ó gé e. Ó sán nínú lóòótọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi, sà. Ọlọ tó bá sán, wọn kì í tà á fún ènìyàn."

"Gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀," ló wí.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀gá le, ẹ kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bàbá Làmídì kò pariwo rí. N kò gbọ́ èébú lẹ́nu rẹ̀ fún gbogbo ọdún tí mo fi bá a ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ó fi ní kí n máa lọ gíláàsì fèrèsé tó fọ́. Òkúta kò kàn mí. Bí mo bá lọ̀ ọ́ tán, yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò dà á dojú dé sórí tábìlì, yóò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo:

"Òmíràn."

Kò ní sọ ibi tí ó ti bàjẹ́. Ìwọ ni yóò wá a rí. Mo sunkún nítorí "òmíràn" yẹn ju bí mo ti sunkún nítorí ẹgba lọ. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ mi sókè tí kò dà á dé, kò yìn mí. Ó kàn ní, "Lọ jẹun." Mo mọ̀ pé mo ti yege.

Òfin rẹ̀ tó le jù ni òfin omi. Ìyẹ̀fun mẹ́ta ni a fi ń lọ òkúta. Ti àkọ́kọ́ rí bí iyanrìn, èkejì rí bí iyọ̀, ẹ̀kẹta kúnná bí èlùbọ́. Bí o bá ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, o gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́, fọ òkúta, fọ tábìlì, nítorí pé hóró iyanrìn kan ṣoṣo tó bá bá ọ wọ inú èlùbọ́ yóò ya iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta pẹ́rẹpẹ̀rẹ. "Fọ̀ ọ́. Tún un fọ̀." Bí ó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyá mi náà kì í gbé ọlọ sójú ọjà láìfọ̀ ọ́. Wọ́n máa ń ní òkúta tí a kò fọ̀ kò lójú. Nítorí náà, fífọ òkúta ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀ láti ilé, ibi iṣẹ́ sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìgbà tí Bàbá kọ́kọ́ jẹ́ kí n yọjú wo inú maikirosikóòpù, mo sún sẹ́yìn. Òkúta dúdú tí mo fi ọwọ́ ara mi lọ̀ ti di pupa, ó di aró, ó di ewéko tútù, bí gíláàsì ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà lórí Òkè Padre. Mo ní, "Bàbá, ta ló kun ún?" Ó ní, "Ẹni tó kun ún kò sí nínú ilé yìí."

Ọdún bíi mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Fọlákẹ́ dé. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ tíṣà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì ń kàwé láti di ọ̀mọ̀wé nípa òkúta. Wọ́n ti fi owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rán an lọ sí àwọn erékùṣù Hàwáì, ní apá kejì ayé, ó sì kó òkúta mẹ́rìndínlógún bọ̀ láti ibẹ̀. Òun ló sọ mí ní Ìyá Olókùúta, orúkọ náà sì mọ́ mi lára títí dòní. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo ń lọ òkúta, ó ní:

"Ẹ wò ó, mà. Àwọn erékùṣù yẹn tò tẹ̀lé ara wọn nínú òkun bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀kan ṣì ń yọ iná lọ́wọ́, òun ni àbúrò gbogbo wọn. Bí ẹ bá ṣe ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ẹ ń bá ń dàgbà sí i."

"Kí ló tò wọ́n?"

"Iná kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tó dúró lójú kan. Ilẹ̀ abẹ́ òkun tẹ́ sórí rẹ̀ bí ẹní, ẹní náà sì ń sún."

"Ẹní ń sún? Ta ló ń fà á?"

"Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń lọ, mà. Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ fi wé bí èékánná ṣe ń hù. Iná á lu ẹní yẹn, ohun gbígbóná á ru jáde, á tutù, á di òkè. Òkè á ga títí á fi yọ orí lójú omi, ó di erékùṣù nìyẹn. Ẹní á wá gbé e kúrò lórí iná. Iná á tún lu ibòmíràn."

Mo dáwọ́ iṣẹ́ dúró, mo rò ó.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ nìyẹn," ni mo wí. "Abẹ́rẹ́ dúró lójú kan, ó ń gún un. Aṣọ ló ń lọ. Ibi tí abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ gún ló máa jìnnà sí abẹ́rẹ́ jù."

Fọlákẹ́ la ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ tún un sọ." Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Làmídì sọ̀rọ̀ láti igun tó jókòó sí. "Kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn o. Ẹ̀yin oníwèé yìí, olè ni yín."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Fọlákẹ́ ló kọ́ mi pé erékùṣù tó bá ti kúrò lórí iná kò ní òkè tuntun mọ́. Òjò á máa fọ̀ ọ́, ìgbì á máa jẹ ẹ́, ilẹ̀ tó gbé e á tutù, á sì máa rì, títí omi á fi bò ó mọ́lẹ̀. Ó kọ́ mi pé nǹkan kan wà nínú òkúta iná tó ń di atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí òkúta náà ti dì. Atẹ́gùn náà kò rí ọ̀nà jáde. Àwọn òyìnbó ní ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn yẹn, bí ó bá sì ti pọ̀ tó ni òkúta náà ti pẹ́ tó. Àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn, ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ni ó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mo ní, "Ayé wá ti gbó tó báyìí?" Ó ní, "Mà, ìkókó ni gbogbo wọn. Àpáta tí Mápó jókòó lé yìí ti wà níbí tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn tó yọ orí lójú omi." Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo ń gun òkè Mápó lọ sílé, mo rọra ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà tó ń sùn.

Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì wa ní, "Àdùkẹ́, ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ayé." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n èmi ti lọ òkúta rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò jọ iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú." Wọ́n mi orí, a jọ kọrin.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà sí àárọ̀ ọlọ́yẹ́.

Bàbá Làmídì ti lọ sí Ìsẹ́yìn, wọ́n ń sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fọlákẹ́ lọ gba ìwé kan ní Agodi. Wọ́n sọ fún wa pé àlejò ńlá kan ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá wo àwọn òkúta erékùṣù náà. Mo ṣí yàrá, mo rí i pé eruku ti bo gbogbo nǹkan, ó bo àpò aṣọ kéékèèké tí òkúta wà nínú wọn pẹ̀lú. Mo ní kí ojú má tì wá lójú àlejò. Mo tú òkúta jáde, ìdọ̀tí òkun ṣì wà lára wọn. Mo pọn omi, mo mú ọṣẹ àti kànìnkànìn, mo fọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi náà dúdú díẹ̀. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo fọ àwọn àpò náà, mo sá wọn sórí okùn. Mo wá to òkúta sórí àwo bí a ṣe ń to ọjà, àwọn ńlá lẹ́yìn, àwọn kékeré níwájú. Wọ́n ń dán. Inú mi dùn.

Ọ̀sán ni Fọlákẹ́ wọlé.

"Ìyá Olókùúta, ẹ kú iṣẹ́ o! Ilé ti mọ́…" Ó dúró. "Mà. Nọ́ńbà ara wọn dà?"

"Nọ́ńbà wo?"

Ó gbé ọ̀kan, ó yí i, ó gbé òmíràn. Ó sáré lọ wo àpò lórí okùn. Nígbà tí ó padà dé, kò pariwo mọ́ mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé òkúta kan lé itan, ó ń sunkún láìgbọ́hùn. Ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé nọ́ńbà tí ó kọ sára òkúta àti sára àpò wọn ló ń sọ erékùṣù tí òkúta kọ̀ọ̀kan ti wá. Láìsí i, òkúta dúdú mẹ́rìndínlógún lásán ni wọ́n. Ọdún mẹ́ta ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo ti fi omi ọṣẹ dà sínú gọ́tà.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa dúró de Bàbá Làmídì kó dé láti Ìsẹ́yìn. Eruku ọ̀nà ṣì wà lára Bàbá nígbà tí wọ́n pe gbogbo wa.

"Ta ló ní kí obìnrin yìí fọ òkúta?"

Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n Bàbá ti dáhùn.

"Èmi ni, sà. Kí n tó lọ, mo ní kó fọ gbogbo ohun tó bá bá nílẹ̀."

Irọ́ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo pa ẹnu dé. Ọkọ mi ti wà lórí ibùsùn àìsàn fún oṣù mẹ́jọ nígbà náà, ọmọ mẹ́ta ń wò mí lójú. Nígbà tí a jáde, mo bá a dé abẹ́ igi.

"Bàbá, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Mo mọ̀. Ìwọ, wọ́n á lé ọ lọ́la. Èmi, wọ́n á kọ̀wé ìbáwí sí mi. Èwo ló wúwo jù?"

"Ṣùgbọ́n irọ́ ni, sà."

"Èmi àti Ọlọ́run mi á yanjú ìyẹn. Ìwọ, ẹni tó fọ òkúta ni yóò tò ó. Bọ́ sẹ́nu iṣẹ́."

Ohun tí ó ní lọ́kàn nìyí. Òkúta tó bá pẹ́ nínú òjò á máa jẹrà, bí irin ṣe ń dógùn-ún. Nínú òkúta iná, hóró kan wà tó ní àwọ̀ bí ewé. Bí ó bá ti ń gbó, á máa pọ́n láti etí wọnú. Àwọn ihò inú rẹ̀ náà, nǹkan funfun á máa dí wọn. Bàbá ní kí n gé pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, kí n lọ̀ wọ́n, kí n wò wọ́n, kí n sì tò wọ́n láti ọmọdé dé àgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Bí mo bá gbé e wá, ó máa ń ní, "Òmíràn," gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí mo tò wọ́n tán, ó ní kí Fọlákẹ́ kọ ètò náà sínú ìwé, ó dí i sínú àpòòwé, ó sì gbé e fún ọ̀gá ẹ̀ka. "Ẹ má ṣí i o. Ẹ fi èérún òkúta ránṣẹ́ sí àwọn tó ní ẹ̀rọ. Bí èsì bá dé, ẹ wá ṣí i."

Oṣù méje lẹ́yìn náà èsì dé láti òkè òkun. Wọ́n ṣí àpòòwé mi lójú gbogbo ènìyàn. Òkúta mẹ́rìnlá wà ní ipò wọn. Méjì péré ni mo gbé sí ipò ara wọn. Fọlákẹ́ wo méjèèjì fún ọjọ́ púpọ̀, ìwádìí sì fi hàn pé èyí tí mo pè ní àgbà jẹ́ àbúrò, apá ibi tí òjò ti ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró ló ti wá. Ìyà ló mú un gbó, ọjọ́ orí kọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí òkúta ọmọdé tó ní àkísà ju àgbà lọ. Mo sì ti rí ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí Fọlákẹ́ fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, pé kó fi hàn bí erékùṣù kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ tó, ti bàjẹ́, kò ṣeé tún ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò lè fi ọjọ́ orí mọ erékùṣù, kó tún wá fi erékùṣù náà jẹ́rìí sí ọjọ́ orí. Ó yí iṣẹ́ náà padà, ó kọ ọ́ nípa bí òkúta ṣe ń jẹrà àti ìgbà tí jíjẹrà ń tan ni jẹ. Ó pẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ọdún kan, ṣùgbọ́n ó gboyè.

Ta ló wá san gbèsè ohun tí mo ṣe? Bàbá Làmídì ni ó kàn láti di olórí ilé iṣẹ́ wa. Lẹ́yìn ìwé ìbáwí yẹn, wọ́n mú ẹlòmíràn wá láti ìta. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́ ní Bàbá Afọkúta. Àwọn tí wọn kò tíì dé nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ń dá wọn lóhùn, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Èmi náà ń gbọ́ ọ. Mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń lọ òkúta mi.

Ó fẹ̀yìn tì. Kò ríran mọ́, wọ́n ní ìyẹ̀fun òkúta ló fà á. Mo máa ń lọ kí i ní ilé rẹ̀ lẹ́yìn Bẹẹrẹ, n óò gbé ọsàn lọ. Nígbà tí mo bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, á ní, "Àdùkẹ́, bó ọsàn." Nígbà tí ó kú, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn Mùsùlùmí. N kò gbọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀rọ dé lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ tó ń gé òkúta fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́ mẹ́fà papọ̀ tí ìwọ á kàn jókòó tì í. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, n kò bá ẹ̀rọ jà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tí a gbà lẹ́yìn mi kì í gbé òkúta sétí mọ́. Ẹ̀rọ náà á gé èyí tó sán, á fọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n á ní iná mànàmáná ni kò dára. Bí iṣẹ́ wọn kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Òmíràn." Wọ́n máa ń bẹ̀rù mi. Mo rò pé wọ́n tún fẹ́ràn mi díẹ̀. Mo fẹ̀yìn tì pẹ̀lú agogo ara ògiri kan àti ẹ̀yìn tó ń dùn mí.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà òjò, Fọlákẹ́ wá sí Bẹyẹrunkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní ìlú òkèèrè, ewú ti gba gbogbo orí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́kọ́ yà, ó kúnlẹ̀, ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ó rẹ́rìn-ín sí agogo mi. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo sọ ohun tó ti wà nínú mi láti ìgbà náà wá. Mo ní, "Ọmọ mi, ọdún rẹ tí mo dà nù, dárí jì mí."

Ó gbé àwo kalẹ̀.

"Mà, ọ̀dà ni wọ́n ń fi kọ nọ́ńbà sára òkúta, kí omi má baà pa á rẹ́. Ẹni tó bá wọ ọdún kìíní ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tí mo gbé lọ gbẹ mọ́ inú agolo. Yíǹkì ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Mo ní n óò tún un kọ tí mo bá délé."

"O ò tún un kọ."

"Mi ò tún un kọ. Nígbà tí ọ̀gá ń bi yín léèrè, mo wà níbẹ̀. Mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má gba owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ padà lọ́wọ́ mi. Mo jẹ́ kí Bàbá gbé e. Mo rò pé lóòótọ́ ni wọ́n ní kí ẹ fọ̀ ọ́."

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, Fọlákẹ́. Wọ́n purọ́ nítorí mi."

Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Àwa méjèèjì la jẹ̀bi. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò jẹ̀bi nínú wa mẹ́ta ni wọ́n fi òkúta tí kò fọ̀ sọ lórúkọ.

"Kí la máa ṣe báyìí, mà? Wọ́n ti kú."

"Àwọn ọmọ wọn kò kú," ni mo wí. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ti lé ní ogún. Ibí ni wàá sùn."

Ní ọjọ́ kejì, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ gba ara Olúwa, mo di Fọlákẹ́ lọ́wọ́ mú, a gba ẹ̀yìn Bẹẹrẹ lọ. Síkírá, ọmọbìnrin Bàbá Làmídì, ń to àwọn ike omi sí iwájú ilé. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Olókùúta. Ṣé kò sí nǹkan?" Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Yéè! Ẹ dìde mà! Ẹ fẹ́ kí ayé mi kúrú ni?"

"N kò ní dìde, Síkírá. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ọṣẹ, mo sọ ti Ìsẹ́yìn, mo sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí lábẹ́ igi. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ tì mí, ó sọ tirẹ̀. Ike bọ́ lọ́wọ́ Síkírá, ó yí gbirigbiri lọ sójú títì, kò wo ibi tí ó lọ.

"Ọjọ́ tí a sin Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú èrò, ó ní Afọkúta ti lọ. Mùfú àbúrò mi fẹ́ lù ú. Mo dá a dúró, mo ní ṣé kì í ṣe òótọ́ ni?"

Ó fa fóònù yọ, ó pe àbúrò rẹ̀ tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ọjà'ba. "Mùfú, ti ṣọ́ọ̀bù, máa bọ̀." A gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: "Ta ló kú?" Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni."

Ó gbé àpótí fún mi, ó ní kí n jókòó dè é. N kò jókòó. Nígbà tí Mùfú dé pẹ̀lú òróró dúdú lọ́wọ́, ó bá mi lórí orúnkún, mo sì tún un sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò fo nǹkan kan.